Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ Tí Kò Ní Ẹ̀gbọ́n

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ láti Ìbàdàn lọ sí Èkó lónìí, tí ó sì dé Mówè àti Ìbàfò, pátákó ilé ẹ̀kọ́ ni yóò máa rí lọ́tùn-ún lósì: ti ìjọba, ti àwọn ìjọ onígbàgbọ́, ti àwọn Mùsùlùmí, ti aládàáni. Òmíràn nínú wọn kò tíì pé ọdún márùn-ún tí a ṣí i. Ọmọ tí ń lọ sí irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ kò lè tètè mọ bí agbègbè náà ti rí ní nǹkan bí 70 ọdún sẹ́yìn. Abúlé àwọn àgbẹ̀ ni Mówè àti Ìbàfò nígbà náà. Ọ̀nà ńlá tí ó là wọ́n kọjá, ọdún 1978 ni a ṣí i. Kí ó tó di ìgbà náà, ẹni tí ń ti Èkó lọ sí Ìbàdàn a gba Ìkòròdú àti Ṣàgámù, tàbí kí ó gba Abẹ́òkúta. Ìfọ̀ ni ó ṣe oríire díẹ̀, nítorí pé ojú irin tí a bẹ̀rẹ̀ sí í là láti Èkó ní 1896, tí ó sì dé Ìbàdàn ní ìparí ọdún 1900, gba ibẹ̀ kọjá. Ní 1930, ẹ̀ka kan tún yà láti Ìfọ̀ lọ sí Ìdógò, Ìfọ̀ sì di oríta ọkọ̀ ojú irin.

Bí ọmọ kan ní agbègbè yìí bá kàwé ní ayé ìgbà náà títí tí ó fi yege ìwé kẹfà, níbo ni yóò lọ láti ka ìwé girama? Abẹ́òkúta ni, tàbí Èkó. Ọmọ Ìfọ̀ a di ẹrù rẹ̀ sínú àpótí páànù, a gbé e ru, a lọ dúró de ọkọ̀ ojú irin. Ọmọ Mówè a kọ́kọ́ fi ẹsẹ̀ rìn jìnnà kí ó tó rí ọkọ̀ wọ̀. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà ni, tàbí tí bàbá rẹ̀ ti gbọ́ ìròyìn bí àwọn Fadá ti ń kọ́ ọmọ, yóò máa wá ilé ẹ̀kọ́ wọn kiri. Ìtàn àwọn tí ó kọ́kọ́ wọ irú ilé ẹ̀kọ́ wọ̀nyí ni mo fẹ́ sọ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Ohun tí mo fi fẹ́ sọ ọ́ ni pé, ní gbogbo ìgbà tí mo fi jẹ́ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, mo rí i pé ọmọ a máa tijú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bí ó bá jẹ́ tuntun. Bí ó bá ti jáde ní ọgbà, yóò yọ báàjì kúrò láyà, yóò tẹ̀ ẹ́ bọ àpò, kí àwọn tí ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ olórúkọ má baà bi í pé, "Èwo tún ni ìyẹn?"

Àgùdà ni àwọn bàbá wa ń pe àwọn ẹlẹ́sìn Kátólíìkì, orúkọ náà sì ní ìtàn nínú. Àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bràsíìlì, tí wọ́n gba òmìnira tí wọ́n sì padà wálé, ni ó mú ẹ̀sìn náà wá sí Èkó. Kí Fadá kankan tó wá gbé ní Èkó, ọkùnrin kan wà tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Padre Antonio. Òun náà ti ṣe ẹrú rí. Kì í ṣe àlùfáà, kò sì sí ẹni tí ó rán an níṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ fún àdúrà, ó sì ń kọ́ wọn ní ìwọ̀nba tí ó mọ̀. Fadá Borghero wá bẹ̀ wọ́n wò ní 1863. Ní 1868 ni àwọn Fadá ẹgbẹ́ SMA tó wá fi Èkó ṣe ibùgbé. Ní 1880 wọ́n dé Abẹ́òkúta, ibẹ̀ náà sì ni Fadá Coquard dá ilé ìwòsàn Sacred Heart sílẹ̀ sí ní 1895, èyí tí àwọn ará Ẹ̀gbá ṣì ń lọ di òní olónìí.

Wọ́n tètè dá ilé ẹ̀kọ́ kékeré sílẹ̀, ṣùgbọ́n ní ti ilé ẹ̀kọ́ girama, wọ́n pẹ́. Àwọn ìjọ CMS ti ṣí ti wọn ní Èkó ní 1859, àwọn Mẹ́tọ́díìsì ní 1878. Abẹ́òkúta Grammar School bẹ̀rẹ̀ ní 1908, King's College ti ìjọba sì tẹ̀lé e ní 1909. Ọdún 1928 ni a tó dá St. Gregory's College sílẹ̀ ní Ọbáléndé. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ láti 1868, 60 ọdún gééré ni. Lójú tèmi, ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni púpọ̀ nínú àwọn Fadá àkọ́kọ́, ilẹ̀ tí wọ́n sì dé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba rẹ̀ fi ń kọ̀wé, tí ó sì fi ń gba akọ̀wé sí iṣẹ́. Ohun tí ó sì ká wọn lára jù lọ ni olùkọ́ katikísìmù fún àwọn abúlé. Ọmọ tí ó bá mú orí ní ilé ẹ̀kọ́ wọn, iṣẹ́ olùkọ́ ni wọ́n ń kọ́ ọ. Olóyè J. F. Ọdúnjọ, ẹni tí ó kọ àwọn ìwé Aláwíyé tí àwọn òbí yín fi mọ ìwé Yorùbá kà, ọmọ Ìbarà ní Abẹ́òkúta ni, a sì bí i ní 1904. Ilé ẹ̀kọ́ St. Augustine ti àwọn Fadá ní Abẹ́òkúta ni ó lọ, láti ibẹ̀ ni ó sì gba ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ Kátólíìkì lọ ní Ìbàdàn. Nígbà tí ó wà ní ọ̀dọ́ tí ó yẹ kí ó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, St. Gregory's kò tíì sí.

Nítorí náà, nígbà tí St. Gregory's dé, oríṣiríṣi ọmọ ni ó ṣán wọ ibẹ̀, kì í sì í ṣe ọmọ Àgùdà nìkan. Lámídì Adéyẹmí, tí ó jọba Aláàfin Ọ̀yọ́ ní 1970, tí ó sì wàjà ní 2022, ọmọ ọba ni, Mùsùlùmí sì ni, St. Gregory's ni ó lọ. Ibẹ̀ náà ni Victor Uwaifo, olórin ọmọ Ẹdó tí òkìkí rẹ̀ kàn káríayé, ti kàwé. Anthony Okogie, tí ó di Kádínà ìjọ Kátólíìkì ní 2003, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan náà ni. Ẹ wo bí ọba, olórin àti àlùfáà ti jáde láti ẹnu ọ̀nà kan. Àwọn ọmọbìnrin kò gbẹ́yìn: St. Theresa's College bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1932, Holy Child College sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1945. Ṣùgbọ́n iye òbí tí ó gbà ní àkókò náà láti fi owó girama ránṣẹ́ nítorí ọmọbìnrin kò tó nǹkan, ìtàn yẹn sì tó ìwé kan lọ́tọ̀.

Èyí tí mo fẹ́ kí á dúró lé lórí ni St. Finbarr's College. Fadá Denis Slattery ni ó dá a sílẹ̀. A bí i ní Fermoy, ní ẹkùn Cork, ní ilẹ̀ Áyálándì, ní 1916, ó sì dé Nàìjíríà ní 1941. Ènìyàn tí kò lè jókòó sí ojú kan ni. Ó ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Catholic Herald, ó sì tún ń ṣe rẹfirí bọ́ọ̀lù, tí yóò wọ ṣòkòtò péńpé, tí yóò máa sáré lórí pápá láàrin àwọn ọmọ Èkó tí ń pariwo lé e lórí. Finbarr tí ó fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ náà ni ẹni mímọ́ tí àwọn ará Cork ń bọlá fún jù lọ, nítorí náà orúkọ ilé rẹ̀ ni ó gbé wá fún àwọn ọmọ wa.

Ní oṣù kìíní ọdún 1956 ni ilé ẹ̀kọ́ náà bẹ̀rẹ̀. Níbo ni ó ti bẹ̀rẹ̀? Inú ọgbà ilé ẹ̀kọ́ kékeré St. Paul's ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta, ní yàrá àyálò. Ẹ fojú inú wo ohun tí èyí jẹ́ fún ọmọkùnrin kan tí ó ti yege, tí bàbá rẹ̀ ti gé aṣọ tuntun fún, tí ìyá rẹ̀ sì ti sọ fún gbogbo ọjà pé ọmọ òun ti di ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ó dé ọ̀hún, ó bá àwọn ọmọ kékeré tí ń ka á-bí-dí ní ọgbà kan náà. Kò sí ilé ìsùn, kò sí pápá tí ó jẹ́ tiwọn. Bí ó bá jáde sí títì, tí ó bá pàdé ọmọ St. Gregory's tàbí ti King's College, kí ni yóò nawọ́ sí pé, "Wò ó, ilé ẹ̀kọ́ wa nìyẹn"?

Ohun tí ó tún lé ni pé wọn kò ní ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti pẹ́ kò mọ iye ohun tí ẹ̀gbọ́n ń kọ́ yín láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n ni a ń wò láti mọ ìgbà tí a ń dìde fún olùkọ́, bí a ti ń di bàtà, irú ọ̀rọ̀ tí a kì í sọ ní ilé oúnjẹ, ohun tí a ń ṣe bí ẹgbẹ́ wa bá jẹ góòlù mẹ́ta lórí pápá. Ní St. Finbarr's ní 1956, kò sí ẹni tí a lè wò. Bí ọmọ kan bá wo ìwé ẹnìkejì nígbà ìdánwò, tí àwọn tó kù sì dákẹ́, dídákẹ́ yẹn ti di àṣà ilé ẹ̀kọ́ nìyẹn, nítorí kò sí àṣà mìíràn nílẹ̀ tí yóò bá a jà. Ọ̀rọ̀ Látìnì kan ṣoṣo ni Fadá Slattery fún wọn láti máa fi ṣe àkọlé: Fidelitas, èyíinì ni ìṣòtítọ́. Ọ̀rọ̀ lásán ni títí tí ẹnìkan yóò fi ṣe é.

Ilé ẹ̀kọ́ náà yàtọ̀ ní ọ̀nà mìíràn tí ó bí àwọn òbí nínú ní àkọ́kọ́. Kì í ṣe girama nìkan ni a ń kọ́ níbẹ̀, a ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ pẹ̀lú: iṣẹ́ igi, iṣẹ́ irin, àti yíya àwòrán iṣẹ́. Kí ẹ tó lè mọ bí èyí ti rí, ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ìwé jẹ́ lójú àwọn bàbá wa. Kí ọmọ má baà di àgbẹ̀ tàbí gbẹ́nàgbẹ́nà ni wọ́n ṣe ń rán an lọ sí ilé ẹ̀kọ́. Akọ̀wé ni wọ́n fẹ́ kí ó dà, kí ó jókòó lábẹ́ fáànù, kí ó fi gègé kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnìkan wọlé, ẹnìkan jáde. Bàbá wo ni yóò ta kòkó rẹ̀, tí yóò san owó ilé ẹ̀kọ́, tí yóò wá gbọ́ pé ayùn àti òòlù ni wọ́n kó lé ọmọ òun lọ́wọ́? Ẹnu kì í sì í ṣe aláìlẹ́jọ́ ní irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí ó fẹ́ gba òmìnira kò lè máa ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó nígbà gbogbo tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́. Mo gbà pé Fadá náà rí ọ̀nà jìnnà ju àwọn tí ń bínú sí i lọ. Títí di òní, nígbà tí mo bá rí ọmọ girama tí kò lè fi ìṣó kan gún pákó láìba ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́, ọ̀rọ̀ yìí a máa padà sọ́kàn mi.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, wọ́n kó kúrò ní yàrá àyálò lọ sí Akọ́kà. Kò tíì sí Yunifásítì Èkó ní Akọ́kà nígbà tí Fadá ń wá ilẹ̀ síbẹ̀. Ọdún 1962 ni yunifásítì náà bẹ̀rẹ̀. Igbó àti àbàtà ni apá ibẹ̀ nígbà náà. Bọ́ọ̀lù ni ó sì kọ́kọ́ gbé orúkọ wọn jáde. Rẹfirí ni ọ̀gá wọn, kò sì yà ènìyàn lẹ́nu pé eré náà mú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kàn. Láti ọgbà yẹn ni Henry Nwosu ti jáde, tí ó wà nínú ẹgbẹ́ Nàìjíríà tí ó gba ife Áfíríkà ní 1980. Láti ibẹ̀ náà ni Stephen Keshi ti jáde, ẹni tí ó jẹ́ balógun ẹgbẹ́ wa nígbà tí a gba ife kan náà ní 1994, tí ó sì jẹ́ olùkọ́ ẹgbẹ́ nígbà tí a tún gbà á ní 2013. Àwọn méjèèjì, ọmọ àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ní ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀, wọ́n bá ẹ̀gbọ́n, wọ́n bá pápá, wọ́n bá orúkọ.

Ní àwọn ilé ẹ̀kọ́ Fadá tí ó ní ilé ìsùn, bí Loyola College tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1954, ọjọ́ a máa gùn. Agogo ni ó ń jí ọmọ kí ilẹ̀ tó mọ́. Máàsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń lọ, èdè Látìnì sì ni wọ́n fi ń ṣe é títí di àwọn ọdún 1960, kí àpérò ńlá ìjọ náà ní Róòmù tó yí i padà. Ọmọ Mùsùlùmí àti ọmọ Onítẹ̀bọmi náà wà níbẹ̀ tí wọ́n ń kúnlẹ̀ tí wọ́n ń dìde pẹ̀lú àwọn yòókù. Àwọn kan di Àgùdà níkẹyìn, àwọn mìíràn sì padà sílé bí wọ́n ti wá, àfi Látìnì díẹ̀ tí wọ́n kọ́ sórí. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ àárọ̀. Àdá wà lára ohun tí a kọ sínú ìwé pé kí ọmọ mú wá láti ilé, pẹ̀lú garawá àti bẹ́ẹ̀dì-ṣíìtì funfun. Koríko ni ọ̀tá wọn. Ní ilé ẹ̀kọ́ tuntun, igbó ni a kọ́kọ́ ń bá jà kí a tó bá ìwé jà, ọwọ́ ọmọ a sì lé ròrò. Ẹ̀wà, ẹ̀bà, ẹ̀kọ àti àkàrà ni oúnjẹ. Ẹran kò tóbi. Ní ọ̀sán, bí agogo Áńgẹ́lọ́ọ̀sì bá dún, ibi tí ọ̀rọ̀ bá bá oníkálukú ni yóò ti dúró jẹ́ẹ́. Ní alẹ́, ìkàwé ni, kò sì sí ẹni tí ń sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan nípa ìyà àwọn kékeré, nítorí pé ibẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ tuntun ti yàtọ̀ jù. Ní ilé ẹ̀kọ́ tí ó ti pẹ́, ọmọ tuntun a máa pọn omi fún ẹ̀gbọ́n, a máa fọ aṣọ rẹ̀, a sì máa fi ẹran rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Àwọn àkọ́wọlé kò rí èyí. Àwọn nìkan ni ó wà níbẹ̀; bí wọ́n ti ń lọ sókè ni wọ́n ń jẹ́ àgbà. Ìbéèrè tí ó wá ń dúró dè wọ́n ni èyí: ọ̀nà wo ni ẹni tí a kò fìyà jẹ yóò gbà jẹ́ ẹ̀gbọ́n?

Mo fojú ara mi rí ìdáhùn kan sí i. Láti 1979, nígbà tí ìjọba sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ wa, ilé ẹ̀kọ́ tuntun ń hù bí olú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nígbà tí mo jẹ́ ọ̀dọ́mọdé olùkọ́, wọ́n gbé mi lọ sí ọ̀kan nínú wọn, tí n kò ní dárúkọ. Àwọn àkọ́wọlé ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kíláàsì kẹta ni, nígbà tí mo bá ọmọ kíláàsì kìíní mẹ́rin lẹ́yìn ilé tí wọ́n ń fọ aṣọ tí kì í ṣe tiwọn. Mo pe àwọn tí ó ni aṣọ. Mo bi wọ́n pé ta ni wọ́n fọ irú rẹ̀ fún rí. Wọ́n dákẹ́. Níkẹyìn, ọ̀kan nínú wọn ní ẹ̀gbọ́n òun tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní Abẹ́òkúta ni ó sọ fún òun pé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ìyà tí a fi jẹ ẹlòmíràn ní ibòmíràn ni wọ́n gbọ́ ní ìròyìn, wọ́n wá ń gbẹ̀san rẹ̀ lára ọmọ ọlọ́mọ. N kò na ẹnikẹ́ni. Mo ní kí àwọn kékeré dìde, kí àwọn àgbà jókòó ti ọpọ́n, kí wọ́n parí aṣọ wọn. Nígbà tí ó di ìparí ọdún, ọmọkùnrin tí ó sọ̀rọ̀ yẹn gan-an ni ó wá bá mi pé, "Sà, ẹ jọ̀wọ́, ṣé a lè kọ ọ́ sínú òfin ilé ẹ̀kọ́ pé oníkálukú ni yóò máa fọ aṣọ tirẹ̀?" A kọ ọ́. Kò sí olùkọ́ tí ó rán an.

Ọ̀pọ̀ nǹkan ti yí padà láti ìgbà náà. Ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ tí ìjọba Olóyè Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1955 mú kí iye ọmọ tí ń kan ilẹ̀kùn girama pọ̀ ju àyè lọ, òun sì ni ó jẹ́ kí ilé ẹ̀kọ́ bí St. Finbarr's pọn dandan. Ní àwọn ọdún 1970, ìjọba gba àwọn ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ àwọn ìjọ. Owó ilé ẹ̀kọ́ wálẹ̀, ọmọ tálákà rí àyè wọlé, èyí sì dára. Ṣùgbọ́n kíláàsì kún àkúnya, ọ̀pọ̀ irinṣẹ́ sì dípẹtà. Ní 2001 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó dá St. Gregory's àti St. Finbarr's padà fún ìjọ. Owó tún ga sókè. Lójú tèmi, a kò tíì rí ọ̀nà tí a óò fi di méjèèjì mú pọ̀, àyè fún ọmọ tálákà àti irinṣẹ́ tí kò dípẹtà.

Ẹ̀kọ́ girama ìgbà náà, ọdún márùn-ún ni. Ọmọ tí ó wọ yàrá àyálò ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta ní oṣù kìíní 1956, ìparí ọdún 1960 ni ọdún márùn-ún rẹ̀ pé, ọdún tí Nàìjíríà gba òmìnira, tí òun náà kò ní ẹ̀gbọ́n tí yóò wò. Nígbà tí Fadá Slattery kú ní 2003, irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ti tó ẹni 60 ọdún. Ó ti ní ọmọ, ó ti ní ọmọ-ọmọ. Ẹni tí ó bá sì bi í ní ilé ẹ̀kọ́ tí ó lọ, kò tún ní láti ṣàlàyé ibi tí ó wà.